Òpópónà Tí Mísbáù Kò Yẹ̀ Wò

Kò sí títì tí Mísbáù ò tíì fi taksí gbà nílùú New York, kò sì ní dúró kí ẹ bi òun kó tó sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ra kámpà, ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, ọ̀gá ọ̀nà ti padà di akẹ́kọ̀ọ́. Belt Parkway tó máa ń gbà lójoojúmọ́ kò gba ohun tí mọ́tò ń fà, afárá tó wà lókè rẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Bó bá ti tibi iṣẹ́ dé sílé rẹ̀ ní Springfield Gardens, ìdí máàpù ló máa ń jókòó sí.

Torí Àǹtí Morufat ni gbogbo wàhálà yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, òun ló tọ́ ọ dàgbà l'Ábẹ́òkúta. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún, kò mọ ibòmíràn mọ́ ju ilé rẹ̀ ní Stapleton, ní Staten Island, àti ọsibítù lọ. Kò lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò, kò sì fẹ́ fojú rí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà. Ó dun Mísbáù wọra. Ló bá ra ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí àǹtí òun lè jáde lọ wo òkè àti adágún. Àǹtí ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìrìnàjò, bí òun bá kírun Àyìlà ọ̀sán tán tí òun ò rí Mísbáù, òun á bọ́ aṣọ òde sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bá òun sọ̀rọ̀ ìrìnàjò mọ́.

Mísbáù fi taksí yẹ ọ̀nà náà wò ṣáájú: Van Wyck, Long Island Expressway, BQE, títí dé orí afárá Verrazzano.

"Ṣé ẹ ti wo àdúgbò Àǹtí náà?" Sẹ̀kínátù, ìyàwó rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀.

Mísbáù bú sẹ́rìn-ín. "Ibi tí mo ti ń jẹun every Sunday? Kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, gbogbo nǹkan lọ geerege, Mísbáù ń kọrin. Ẹsẹ̀ òkè tí ilé Àǹtí wà ni orin ti kú mọ́ ọn lẹ́nu. Òpópónà náà rí tóóró, mọ́tò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Taksí a máa wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kámpà ò lè yí níbẹ̀ láéláé. Sẹ̀kínátù wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ìyẹn sì dùn ún ju èébú lọ.

Wọ́n páàkì sí ìsàlẹ̀ létí omi, Mísbáù sì sáré gun òkè. Àǹtí ti kírun tán, ó ti ń tú ìbòrí rẹ̀.

"Kámpà ò lè gòkè, Àǹtí mi. Ẹ má bínú."

"Èmi náà ò lè sọ̀kalẹ̀. No problem, ó tán nìyẹn."

Mísbáù kẹ́yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀. "Ó yá, ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Kí wọ́n máa pọ̀n mí kiri Staten Island? At my age? Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ̀yin náà pọ̀n mí l'Ábẹ́òkúta, mi ò jiyàn."

"O ò jiyàn kẹ̀? O sunkún, o tún tọ̀ sí mi lẹ́yìn!" Ẹ̀rín pa Àǹtí, kó sì tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti wà lẹ́yìn àbúrò rẹ̀.

Sẹ̀kínátù ti dé, ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ Àǹtí, ó tẹ̀ lé wọn. Àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́. Mísbáù ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, Àǹtí tún ìbòrí rẹ̀ wé, ó wá na ọwọ́ síwájú.

"Rọra o, dẹ́rẹ́bà," ló wí. "Gálọ́ọ̀pù wà níwájú."

Mísbáù rọra.