Orílẹ̀-èdè Tí Kọ̀ǹpútà Mi Rò Pé Òun Wà

Orúkọ mi ni Dorcas Mojísọ́lá Akíngbadé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Akíngbadé tí ó gbin kòkó sí ọ̀nà Atosin ni ó bí mi. Orí Òkè Ìdànrè ni a ti bí òun, nígbà tí àwọn ènìyàn wa kò tíì kó ìkòkò àti ẹní wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde. Baba tí ó bí i, orí Òkè náà ni wọ́n sin ín sí. A kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pé kí ènìyàn tó ròyìn ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ibi tí òun dúró sí. Ìwà àtijọ́ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe èyí. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí kì bá tí yanjú bí n kò bá ní ìwà náà.

Òórùn kòkó ni mo fi ń rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kòkó kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì sá a sí orí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé mi. Òórùn rẹ̀ kan bí ẹmu ìjẹta, ó wọ inú aṣọ mi, ó wọ inú ìwé mi, ó wọ inú ìrọ̀rí tí mo ń sùn lé. Àwọn àlejò máa ń fi ọwọ́ di imú. Ní tèmi, òórùn náà ni ó máa ń sọ fún mi, kí n tó la ojú ní òwúrọ̀, pé ilé ni mo wà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ bí ó ti ń rí nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa yín ní ohùn jẹ́jẹ́. Mo ti yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, àkọ́bí mi obìnrin tí ó ń gbé ní Ìbàdàn sì ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè mí. Ó ní ìdí tí òun fi ń ṣe é ni pé kò sí ẹni tí ó ń rí mi ní Ìdànrè. Mo dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí kò rí mi ní Ìdànrè. Ẹnu wa kò kò, àfi ìgbà tí a dá májẹ̀mú. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ yóò pàdé lórí kọ̀ǹpútà, èmi náà yóò sì yọjú láti Odòde, kí wọ́n rí ojú mi, kí wọ́n rí bí mo ṣe jókòó. Ọwọ́ ara mi ni n ó fi ṣe é, láìsí olùrànlọ́wọ́ kankan. Bí mo bá pa ọjọ́ Àìkú méjì léra wọn jẹ, mọ́tò yóò wá gbé mi.

Ọmọ àkọ́bí yìí kan náà ni ó bí ọmọkùnrin tí ó fi kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi ti fi Linux sí i, ètò tí ó ń darí ẹ̀rọ dípò Windows, ó ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ àgbà rẹ̀. Ó kọ ìwé kan lé e: “Màmá àgbà, bí wáìfáì bá yọ yín lẹ́nu, ẹ tẹ man iw, kí ẹ kà á. Ìwé ìtọ́sọ́nà wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.” Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń lò ó, n kò pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ. Inú rẹ̀ náà ni mo ti ń kọ ohun tí baba mi sọ fún mi nípa ilé wọn lórí Òkè, ogójì ojú ìwé ó lé díẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, òjò ńlá rọ̀, iná lọ. Nígbà tí iná dé, àpótí wáìfáì tí ọmọ mi ọkùnrin gbé sí orí kọ́bọ́ọ̀dù tan gbogbo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi kò rí i mọ́. Mo wo àkójọ orúkọ tí ó máa ń kó wá. Orúkọ ilé wa kò sí níbẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tí ó hàn ni ti ìjọ Aládùúrà tí ó wà ní òdìkejì títì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àpótí tiwọn ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án; mo pa àpótí, mo tan án. Ọjọ́ Àìkú dé, aago mẹ́rin lù, ó kọjá. Àkọ́bí mi pè mí lórí fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tí mo ní.

“Màmá, ó ti di ẹyọ kan,” ni ó wí. “Dírẹ́bà mọ ọ̀nà Ìdànrè dáadáa o.”

Inú bí mi. Ní ọjọ́ Ajé, mo dojú kọ obìnrin tí ó ń bá mi ṣe oko kòkó, tí ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ará Ìkirè, tí ó ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi tí ó sì ń sin Ọlọ́run nínú ìjọ náà. Ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó nínú oòrùn. Mo sọ fún un pé àpótí ìjọ rẹ̀ ti gbé tèmi mì.

“Háà, Màmá,” ó wí, kò tilẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró. “Ẹ̀mí Mímọ́ kì í jí wáìfáì.”

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ lábẹ́ ìró, ó fi hàn mí. Orúkọ ilé wa wà níbẹ̀ gbagidi, lókè pátápátá. Ó ní kí n fi fóònù náà yọjú sí àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ Àìkú. Mo dúpẹ́, mo kọ̀ ọ́. Bí mo bá fi fóònù ẹlòmíràn yọjú, ìyá arúgbó tí ó ń tọrọ fóònù ni wọn yóò rí, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀rọ lọ sí gáréèjì, sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò ní kíláàsì kẹrin, kí n tó di H.M., ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà. Ó ti ní ewú ní irùngbọ̀n báyìí. Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, ó mi orí.

“Màmá H.M., àpáta ni. Àpáta wa yìí kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá.”

“Àpáta náà ti wà níbẹ̀ ní oṣù tó kọjá tí ó ń ṣiṣẹ́,” mo wí. “Àbí ó ti sún mọ́ wa sí i ni?”

Àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í díẹ̀, ó sì yí ohùn padà. “Ó dáa, mà. Linux yìí ni ìṣòro yín. Kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń lò. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n fi Windows sí i.”

“Àti ohun tí mo ti kọ sínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyẹn á lọ, mà.”

Mo wò ó. “Nígbà tí ìṣirò bá dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní kíláàsì mi, ṣé mo máa ń ní kí o fa ìwé náà ya?”

“Rárá, mà. Ẹ máa ń ní kí n padà sí ìlà àkọ́kọ́.”

“Gbé ẹ̀rọ mi wá,” ni mo wí, mo sì gbé e lọ sílé.

Ìlà àkọ́kọ́ ni mo padà sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbé àga sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọ awò mi, mo tẹ ohun tí ọmọ-ọmọ mi ní kí n tẹ. Ìwé náà yọ lóòótọ́, ewé lórí ewé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gbígbẹ tí kò ní ẹ̀rín kankan nínú. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé nígbà tí èmi ń kàwé. Mo ka ojú kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo tó ṣí òmíràn. Nígbà tí ó di ọ̀sán, mo ti rí àṣẹ kan tí ó máa ń to gbogbo ọ̀nà tí wáìfáì lè gbà sọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà. Mo pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọ̀nà kìíní dé ìkọkànlá, gbogbo wọn jẹ́ ipè. Láti ìkejìlá lọ, a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pé a ti tì wọ́n.

Ta ni ó tì wọ́n? Ìwé náà sọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ọ̀nà tí ó ṣí àti èyí tí ó tì, ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀lé òfin ilẹ̀ tí ó bá gbà pé òun wà. Mo wá rí àṣẹ tí a fi ń bi í léèrè. Mo tẹ iw reg get. Ó dá mi lóhùn ní lẹ́tà méjì: US.

Mo ti ara mi sẹ́yìn nínú àga. Láti oṣù kẹjọ ni ẹ̀rọ yìí ti jókòó sórí tábìlì mi, tí òórùn kòkó ti wọ̀ ọ́ lára, tí ó ti gba ìtàn baba mi sínú, síbẹ̀ ó rò pé Amẹ́ríkà ni òun wà, ó ń pa òfin Amẹ́ríkà mọ́ ní Odòde. Àpótí orí kọ́bọ́ọ̀dù ń pè é láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo tẹ àṣẹ náà pẹ̀lú ìka kan, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà sójú pátákó: sudo iw reg set NG. Mo pe rẹ́jísítà lẹ́ẹ̀kejì. Ìkejìlá jẹ́ ipè. Ìkẹtàlá jẹ́ ipè. Mo ṣí àkójọ orúkọ, orúkọ ilé wa sì wà níbẹ̀. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin Ìkirè fi sáré wá láti ìdí kòkó, ó rò pé mo tún ti ṣubú.

“Mo dìde ni,” ni mo sọ fún un.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo wé gèlè, mo jókòó ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ti tún gbàgbé ibi tí ó wà nígbà tí mo tan án. Mo tún sọ fún un. Àwọn ọmọ yọjú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ-ọmọ mi náà yọjú láti Amẹ́ríkà. Àkọ́bí mi ni kò tíì dé. Mo pe orúkọ gbogbo wọn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkọ́bí pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí ó wọlé, ẹnu yà á.

“Màmá! Ta ni ó bá yín ṣe é?”

“Ọwọ́ mi méjèèjì.”

“Kí ni ó ṣe é?”

“Ó rò pé Amẹ́ríkà ni òun wà. Mo sọ fún un pé Ìdànrè ni.”

Ọmọ-ọmọ mi fi ọwọ́ bojú. Ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun kọ lẹ́tà méjì náà sínú fáìlì kan, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà lọ́dọ̀ òun, tí òun sì gbàgbé láti yí i padà. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí iná dé ní ọjọ́ òjò yẹn, àpótí wa bá àpótí ìjọ lójú ọ̀nà tí tiwa máa ń gbà, ó sì yà fún un, ó bọ́ sí ọ̀nà kẹtàlá, tí kò ṣí ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ìdajì ẹjọ́ mi pẹ̀lú ìjọ Aládùúrà jàre, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin Ìkirè ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí n máa bọ̀ wá jẹ́rìí.

Àkọ́bí mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Kí ni kí n wá fi yàrá náà ṣe?”

“Bí òjò bá pọ̀ jù níhìn-ín, n ó fi kòkó ránṣẹ́, kí o sá a síbẹ̀.”

Òun ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ dírẹ́bà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ti wá fáìlì náà rí, mo ti fi ọwọ́ ara mi pa US rẹ́, mo ti kọ NG sí i. Mo sì ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn ọmọ mi kì í ṣe ìkà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ náà kì í ṣe aláìgbọ́n. Ibòmíràn ni wọ́n fi ọkàn sí, òfin ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ fi wọ̀n mí: ní Ìbàdàn, ìyá tí ó dá gbé ilé jẹ́ ẹni tí a ti gbàgbé. Ní Odòde, ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì ni. N kò bá wọn jà. Mo kàn ń sọ fún wọn, lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i bí wọ́n bá tún gbàgbé, ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí mo dúró sí.

Ìgbà tí mo rí wọn kẹ́yìn kí n tó kọ èyí ni ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, ọdún 2024, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wọn pé. Èmi wà ní ilé mi.