Téèpù Tó Dorí Kodò

Ǹjẹ́ o ti wọ yàrá kan rí tí òtútù inú rẹ̀ ní òórùn? Bẹ́ẹ̀ ni yàrá téèpù ọ́fíìsì ìwádìí wa ní Yaba rí nígbà náà: òórùn rọ́bà tuntun, ti kápẹ́ẹ̀tì tí omi ti kán sí, àti ti ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í sinmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Àǹtí tó ń tọ́jú yàrá náà ti pẹ́ níbẹ̀; orí pẹpẹ ló ń to téèpù tí kọ̀ǹpútà ń kọ iṣẹ́ wa sí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá gbọdọ̀ kọ nǹkan mìíràn lé nínú wọn, yóò dorí rẹ̀ kodò. Gbogbo wa mọ àmì yẹn.

Ọ̀kan wà tó ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀ ju ìyókù lọ. Ọdún mẹ́rin ni Àǹtí fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé ní Ìwáyà, tó ń kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Òjò ti ba ìwé tó kọ wọ́n sí jẹ́. Téèpù yẹn nìkan ló kù. Àwọn ìyá ṣì ń wá kí ó bá wọn yọ ọjọ́ ìbí ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé.

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, ó rí bíi kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó ga jù mí lọ. Téèpù kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀ nínú rẹ̀, àti bébà kékeré onílà dúdú lára, tó dúró fún nọ́ńbà rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè ọ̀kan, apá irin kan á sáré lọ, á ka ìlà náà, á fà á yọ, á tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń kà á tó sì ń kọ nǹkan sí i, á sì dá a padà sí ihò rẹ̀.

“Ṣé eléyìí náà máa ń gba ìsinmi ọdún?” ni Àǹtí bi mí.

“Rárá, Àǹtí. Kì í jẹun pàápàá.”

“Kì í jẹun kẹ̀! Àbúrò, máa ṣọ́ ọ o.”

Èmi ni wọ́n ní kí n kó àwọn téèpù wọlé. Ihò náà kò gba ohun tó dorí kodò, nítorí náà mo yí téèpù Ìwáyà padà, mo lẹ bébà mọ́ ọn. Mo ní bí mo bá jẹun ọ̀sán tán, n óò fi hàn nínú kọ̀ǹpútà pé nǹkan wà lórí rẹ̀. Mo jẹun tán, mo gbàgbé. Ẹ̀rọ náà kì í wo ohun tó wà lórí téèpù. Nọ́ńbà tí a kò bá kọ nǹkan síwájú rẹ̀, òfìfo ni lójú rẹ̀, yóò sì kọ nǹkan tuntun lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú gíláàsì, mò ń wo apá irin náà bó ti ń gbé téèpù kan lọ wẹ́rẹ́. Ó dùn mọ́ mi. N kò mọ èwo ló gbé.

Ọjọ́ tí ìyá kan dé láti Ìwáyà ni a tó mọ̀ pé téèpù Ìwáyà ni.

“Àbúrò, èyí tí mo dorí rẹ̀ kodò dà?”

“Èmi ni mo yí i, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Kò bú mi. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó ní, “Ìyá, ẹ jókòó.” Ìbá bú mi, ìbá sàn fún mi. Mo ti fẹ́ máa dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ àmì Àǹtí. Èmi mọ̀ ọ́n.

Téèpù náà wà lọ́wọ́ mi títí dòní. Iye àga àti tábìlì ọ́fíìsì ló wà lórí rẹ̀.