Àlejò Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Wọn Ilẹ̀

Ilé àlejò Ìyá Ànú kò ju yàrá mẹ́fà lọ, lẹ́bàá odò lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí àwọn òbí tó bá wá wo ọmọ wọn ní yunifásítì ìjọ àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́ máa ń sùn sí. Ellen Olúsànyà lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Omi òjò ló ń gbà sí táǹkì, oòrùn ló fi ń tan iná, ẹ̀fọ́ inú ọgbà ló ń sè fún àlejò. Bí ẹ bá da omi nù lójú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìwàásù.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Ọmọ mẹ́rin ló jọ ni ín, ṣùgbọ́n Ellen nìkan ló dúró tì í nígbà tí òrùlé ń jò. Kò níbòmíràn láyé.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan dé, ó ní Dúrótìmí lòun ń jẹ́. Kò ní ọmọ ní yunifásítì. Àràárọ̀ ló ń rìn yí ilé ká, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Mọ́mì, ọkùnrin yìí ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ wa o," Ànú ọmọ Ellen ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Jẹ́ kó rìn. Ó ń na ẹsẹ̀ ni."

Àwọn tíṣà náà! Wọ́n á rí àṣìṣe nínú ìwé ogójì ọmọ, wọn ò ní rí tiwọn. Nígbà tí àlejò béèrè ibi tí ilẹ̀ náà parí sí, inú Ellen dùn, ó mú un dé ìdí gbogbo pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ààlà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ba Ànú, ó sì sọ ọ́ jáde. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ bomi rin ẹ̀fọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Oyèbọ̀dé ẹ̀gbọ́n Ellen, tó jẹ́ olórí ẹbí, pè é lórí fóònù. "Ellen, ìpàdé ẹbí wà ní Sátidé, agogo méjì, nítorí ilé bàbá wa."

"Bùrọ̀dá mi, ẹ mọ̀ pé Sábáàtì ni. Ẹ jẹ́ ká fi sí Sọ́ńdè."

"Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Bí o ò bá lè wá, rán Ànú."

Kò rán an. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé, òwò ni, ẹni tó bá sì rán ọmọ lọ ṣòwò ní Sábáàtì, òun gan-an ló ṣe é. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ilé náà lẹ́yìn òun. Bí oòrùn ti wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, tí Sábáàtì bẹ̀rẹ̀, ó pa fóònù. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé: ogún ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òwe yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó pàdé Dúrótìmí lẹ́nu ọ̀nà, nínú agbádá, tó ń jáde. Ellen wọlé. Ó kọrin, orin náà kò wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló nawọ́ sí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á sẹ́yìn. Oòrùn ọjọ́ náà kò tètè wọ̀.

Nígbà tó wọ̀ tán, ó gbàdúrà, ó tan fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ Oyèbọ̀dé ló kọ́kọ́ wọlé: "A dúró dè ẹ́ títí. Àwa mẹ́ta ti fọwọ́ sí i, ilé ti tà. Má bínú."

Ellen dìde. Ó di ilẹ̀kùn pálọ̀ mú, ó wo inú. Dúrótìmí ti dé, ó ti bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga bàbá Ellen.

"Ẹ wọlé, mà," ó ní, ó sì nawọ́ sí ìjókòó tí àwọn àlejò máa ń lò. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ jókòó."