Owó Ìdúró Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá mi ta ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ wọn ní Lalupon, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi owó náà rà: kí àwọn má tọrọ owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí wọ́n fi parí ilé òun. Ilé náà ní òpó funfun mẹ́fà níwájú. Kò tíì ní ṣáláńgá.

Èmi ni wọ́n kó owó fún. Orí fóònù ni mo ti ra ìpín fún wọn, nínú àpò ìdókòwò tó ń yá ìjọba Amẹ́ríkà lówó fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èlé ń wọlé, àmọ́ kò tó ra ẹran. Lóṣooṣù, mo wá ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀tọ́ láti ra ìpín náà lọ́wọ́ wa ní iye tí a dá, kí ọjọ́ tí a dá tó pé. Bó rà, bí kò rà, owó ẹ̀tọ́ ti di tiwa.

Ní Ajibode tí mo ń gbé, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé méjì. Wọ́n mi orí bí ẹni tó ti yé, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyá mi ò mi orí.

"Ṣebí bí oníṣòwò ṣe ń sanwó ìdúró lórí igi ọsàn mi nìyẹn? Bí kò bá wá lọ́jọ́ tó dá, mo jẹ owó, mo tún ká ọsàn mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àmọ́ bí iye ìpín bá já wálẹ̀, ọwọ́ yín ló máa wà."

"Ṣebí ọsàn náà máa ń jẹrà."

Oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò wá rà á. Ní oṣù kẹrin, iye ìpín fò sókè, wọ́n sì gbà á lọ ní iye tí a dá. Èmi òmùgọ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gun ọ̀kadà wá bá wa nílé ìyá mi, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó fẹ́ kí wa kú ìrójú.

"Mo sọ fún yín! Ọ̀mọ̀wé yín yìí ti ta ọjà yín lọ́pọ̀! Ẹ wo iye tó jẹ́ lónìí!"

Ìyá mi ń bó ọsàn. Wọn ò gbójú sókè.

"Ṣé iye tí mo dá kọ́ ni wọ́n san?"

"Òun ni, àmọ́..."

"Ṣé kò ju iye tí a rà á lọ?"

"Ó jù."

"Owó ìdúró oṣù mẹ́rin ńkọ́? Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ìwọ náà jẹ nínú ẹja rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kan òrùlé, ẹ jọ̀ọ́."

"Òpó rẹ mẹ́fà yẹn, oṣù wo ni wọ́n máa sanwó ìdúró fún mi?"

Wọ́n yíjú sí mi. "Ra òmíràn. Àmọ́ gbé iye tí a máa dá sókè díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Mo rà á kí ẹ̀gbọ́n mi tó rí ọ̀kadà tó máa gbé e padà.