Ilé Tí A Kọ́ fún Ẹja Tí Kò Tíì Dé

Bàtà òjò Màmá há sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fà á, kò yọ. Wọ́n tún fà á, ẹrẹ̀ náà dún "pọ́ọ̀", ẹsẹ̀ wọn jáde tòun ti ìbọ̀sẹ̀, bàtà sì dúró síbẹ̀. "Bísímílà!" ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Wá bá mi fà á yọ, ọmọ mi. Ẹrẹ̀ òyìnbó yìí lágídí ju ti ilé wa lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Màmá ìsàlẹ̀ là ń pè wọ́n, torí pé abẹ́ wa gan-an ni fúláàtì wọn wà nínú ẹsíteètì tí à ń gbé ní Peckham. Wọn kì í ṣe ẹbí wa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Bí mo bá ti jáde ní ilé kéwú, ọ̀dọ̀ Màmá ìsàlẹ̀ ni mò ń lọ, a ó sì jọ wọ bọ́ọ̀sì kọjá New Cross lọ síbi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn wọnú odò Tẹ́msì.

Òórùn ibẹ̀ kò kúrò nímú mi títí dòní: ẹrẹ̀, iyọ̀, irin tó ti dípẹtà, àti ewé tó ń jẹrà. Bí omi bá fà tán, àwọn ihò kéékèèké inú ẹrẹ̀ a máa hó bí ìkòkò ẹ̀wà tó ku díẹ̀ kó jinná.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló gbé wa débẹ̀. Màmá máa ń ra orí ẹja sámọ́nù ní Rye Lane láti fi se ọbẹ̀ ata. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé orí kan dání, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Ẹja ọ̀sìn nìyí. Inú àwọ̀n ni wọ́n ti tọ́ ọ, inú àwọ̀n ni wọ́n ti pa á. Kò mọ odò bàbá ẹ̀."

Ẹlẹ́ja náà, ọmọ Ìbàdàn, ní, "Mummy, ṣé ẹ máa rà á ni, àbí ẹ máa ṣàdúrà fún un?"

"Méjèèjì," ni Màmá dá a lóhùn.

Ìgbà tí mo wá ka ìwé kan fún wọn lára ògiri ilé ìkàwé, pé àwọn kan ń wá ẹni tó máa bá wọn tún etí odò ṣe nítorí sámọ́nù, wọn ò jẹ́ kí n kà á tán. Ọ̀gá iṣẹ́ náà, òyìnbó gíga kan tí ẹrẹ̀ kì í wọ́n nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ló ṣàlàyé fún wa. Lókè odò, nínú omi tí kò níyọ̀, ni wọ́n ti ń bí sámọ́nù. Inú òkun ló ń lọ dàgbà sí, bó bá sì dàgbà tán, á padà sí odò tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ẹja tó wọ òkun, ó ní láti sinmi díẹ̀ níbi tí omi odò àti omi iyọ̀ ti pàdé, kí iyọ̀ lè mọ́ ọn lára. Nísinsìnyí, irin àti kọnkéré ti gba etí odò. Ọmọ ẹja kò ríbi dúró sí, omi kàn ń gbá a lọ ni.

"Ibi ìsádi ló ń wá," ni Màmá wí. Etí ọ̀sà ni wọ́n dàgbà sí. Bàbá wọn máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ẹrẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè wá sá síbẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á fi àwọ̀n yí i ká. "Ní ilé wa, à ń kọ́lé fún ẹja ká lè jẹ ẹ́. Níbí, à ń kọ́lé fún un, a tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó wá gbé."

Ògiri etí odò náà ti ń wó, irin tuntun ni wọ́n sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá bá àwọn tó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, wọ́n fi ìṣísẹ̀ ogún sílẹ̀ fún Màmá láti fi ẹ̀ka wílò, igi kan tó ń hù létí omi, di etí ibẹ̀ mú. Bí wọ́n bá dé ní ìparí oṣù kọkànlá tí wọ́n rí i pé ó dúró, wọn á fi gbogbo etí náà sílẹ̀ fún igi àti koríko odò. Bí kò bá dúró, irin ni.

Ìwé méjì ló wà lára fíríìjì Màmá: ìwé àkókò ìrun tí mọ́sálásí tẹ̀, àti ìwé àkókò omi, tó ń sọ ìgbà tí odò máa kún àti ìgbà tó máa fà. Bí ìjọba bá ti aago síwájú nígbà ooru, ìwé ìrun á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìwé omi kì í yí padà. A ní láti fi wákàtí kan kún un. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá ti ilé ìwé dé, màá fi bírò pupa kọ àkókò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò ìrun. Màmá mọ Kùránì kà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo bá kọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n dá aago padà, nígbà tí kò yẹ kí n fi nǹkan kún un mọ́, mo tún fi wákàtí kan kún un. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní Sátidé náà, a ti to ìdì wílò mẹ́rìnlá sí ìdí ògiri, a ti kan èèkàn, ó ku ká fi okùn so wọ́n. Màmá wo aago ọwọ́ wọn. "Omi ṣì ń fà. Jẹ́ ká kírun Aláásárì ká tó so ó." A gòkè lọ síbi tó gbẹ, a tẹ́ ẹní.

Ìgbà tí mo forí kanlẹ̀ ni mo gbọ́ ọ: wọ́ọ́, wọ́ọ́, bí ẹni ń fa aṣọ nílẹ̀. Mo yọjú wò lábẹ́ apá mi. Ìdì kan ti léfòó. Màmá náà gbọ́ ọ, torí mo rí i tí èjìká wọn gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọn ò já ìrun. Omi ọ̀sà tí wọ́n mọ̀ máa ń gòkè jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà. Ti Tẹ́msì ń sáré. Nígbà tí a fi máa sálámà, ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti ń bá omi lọ.

Ọ̀gá sáré dé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Màmá, ṣé ẹ ò wo ìwé àkókò ni?"

Wọn ò bojú wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì wọn tí kò pọ̀ dá a lóhùn pé, "Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ yìí wà. Èmi ni kí o bá wí."

Orí bọ́ọ̀sì ni ẹkún ti gbọ̀n mí. "Màmá, èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Láti orí ẹní ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Wọ́n fi etí ìborùn wọn nu imú mi. "Ìbínú àgbàlagbà, omi púpọ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ló yẹ kó gbé lọ." Wọ́n tún ìborùn náà wé. "Àmọ́ ìwọ lo máa bá mi di gbogbo ẹ̀ padà o. Mẹ́rìnlá! Kò sí kàtúùnù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Igi tútù kún ọ̀nà àbáwọlé Màmá, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ wá nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ya ẹnu. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sọ ilé káńsù di igbó ni?" Ká tó ṣẹ́jú, àwọn náà ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ń di ẹ̀ka pọ̀ pẹ̀lú wa. Nígbà tí a gbé ìdì méjì àkọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, awakọ̀ béèrè pé kí nìyẹn. Màmá ní, "Ilé ẹja ni," wọ́n sì lọ jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn la kọ́kọ́ so ká tó kírun.

Nígbà tí àwọn tó ni ilẹ̀ dé, ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì fa èèkàn, kò mì. Wọn ò ri irin mọ́. Nígbà tí òtútù lọ, ẹ̀ka wílò yọ ewé, koríko odò sì hù sáàárín rẹ̀. Àwọ̀n ọ̀gá mú ọmọ ẹja tó kéré bí abẹ́rẹ́, ó sì dà wọ́n sínú ike omi kan.

"Ṣé sámọ́nù ni?" ni Màmá béèrè.

"Rárá, Màmá, ẹja mìíràn ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ike omi náà. "Kò burú. Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé."

Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni wọ́n padà sílé, sí etí ọ̀sà wọn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n, ìbéèrè kan náà ni. "Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé, Màmá."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Alihamudulilahi. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn." Orí ọ̀rọ̀ yìí náà la wà nígbà tí a bára wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìwé méjì ló wà lára fíríìjì tèmi náà báyìí. Bí wọ́n bá dá aago padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wò ó kí n tó gbé bírò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ mi ṣe àṣìṣe ńlá kan, ọ̀gá wa sì wọlé tìbínú-tìbínú láti bi wá ẹni tó ṣe é. Mo rí i tí ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo dìde dúró. "Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ náà wà," ni mo wí.

Nígbà tí mo jókòó padà, ẹrẹ̀ ni mo gbóòórùn rẹ̀.