Ibi Tí Àjàyí Yóò Dúró

Lọ́jọ́ ọjà Ìkpínlẹ̀ tó kọjá yìí, ariwo ló jí mi lójú oorun ọ̀sán. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti gbé rédíò sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bọ́ọ̀lù, ìjà sì ti bẹ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jẹ góòlù o. Ọmọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Kútọnu ni wọ́n ń jà lé lórí, kò sì sí èyí tó mọ̀ ọ́n rí nínú wọn. Èyí ní iwájú ló yẹ kó wà torí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Tọ̀hún ní ẹ̀yìn ni kí wọ́n fi í sí torí ó lágbára, kò sì ní pẹ́ di ọ̀gá gbogbo wọn. Ẹnìkan bú ìyá ẹnìkan. Bàtà fò kọjá lókè orí mi. Mo dìde, mo pa rédíò, mo ní, "Ẹ pa ẹnu yín dé! Ta ló bi ọmọ náà léèrè ibi tó fẹ́ dúró?" Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ìyá àgbà, kí ni bọ́ọ̀lù fi ṣe yín?" Bọ́ọ̀lù ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ẹnu èèyàn ni.

Ẹ jókòó, ẹ̀yin tí ẹ kéré. Kí wọ́n tó la ọ̀nà ńlá tí ẹ ń gun alùpùpù kọjá lórí rẹ̀ yìí, nígbà tí agbára àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múlẹ̀ ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ìjàkadì ni bọ́ọ̀lù tiwa. Bí a bá ti kórè àgbàdo tán, tí ọyẹ́ dé, tí ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ wa tó máa ń di ẹsẹ̀ èèyàn mú nígbà òjò gbẹ, tó sì la bí gìgísẹ̀ arúgbó, àwọn ọkùnrin kì í ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́. Àdúgbò kan á gbé ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kalẹ̀, àdúgbò kejì á gbé mẹ́ta. Aṣáájú ló kọ́kọ́ ń wọ pápá. Bó bá dá ẹ̀yìn ẹni tó kojú rẹ̀ délẹ̀, kò ní jáde. Òun náà ni yóò kojú ẹni tó kàn, títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọn yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àárín wà fún ẹni tí a kò tíì mọ bí yóò ṣe rí. Akẹ́yìn ni ẹni tí a fi pamọ́, tí ń jókòó sórí ẹní títí tí gbogbo nǹkan yóò fi bàjẹ́ kó tó dìde. Akẹ́yìn tó bá ṣe dáadáa, bó bá dàgbà tán, òun ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ, òun ni yóò sì máa yan ẹni tí yóò jà. Ipò ńlá ni.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí òun ló pa wá. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ pápá, ará ilé kankan kò gbọdọ̀ dá a. Gbogbo wa la ní àdúgbò, gbogbo wa la ń ṣègbè. Àlejò ni wọ́n máa ń wá: oníṣòwò tó ń kọjá, obìnrin tó wá ra epo, ẹnikẹ́ni tí kò ní ará níbẹ̀. Ohun tí àlejò bá ti sọ, abẹ gé e nìyẹn. Mo rí i tí wọ́n fa ọkùnrin oníyọ̀ kan láti ọ̀nà ọjà wá sí pápá, tẹrù tẹrù lórí rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi dájọ́. Ẹ̀rín ni a fi ń rín in nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, Àjàyí, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ó dojú bolẹ̀ wáyé, ìdí tó fi ń jẹ́ orúkọ náà nìyẹn, àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé ilẹ̀ mọ ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò mọ̀, torí kò sẹ́ni tó dá a rí nínú ìjàkadì. Ó pupa, ọrùn rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò ti yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá wa ti kú. Òun ló ń ro oko bàbá wa lọ́nà Màsẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, òun ló sì ń gun ọ̀pẹ, tó ń bẹ́ ẹyìn fún ìyá wa tó ń ṣe epo. Bó bá ń ti oko bọ̀, á gbé mi sí èjìká kan, á gbé igi ìdáná sí èkejì, á wá máa bi mí pé èwo nínú ẹrù méjèèjì ló wúlò jù. Mo máa ń gbá a létí.

Àwọn ọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló bí i. Ọ̀kan ni Àlàbá ẹlẹ́mu, èkejì ni Ògúntọ́lá tó ń hun apẹ̀rẹ̀. Mi ò ní fi "bàbá" ṣáájú orúkọ wọn. Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe dàgbà tó lọ́jọ́ tí wọ́n kú, ẹni tó bá sì fẹ́ kó pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kò sí èyí tó borí nínú ìjàkadì rí nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ àwọn ló gbọ́n jù. Àlàbá ní aṣáájú ni Àjàyí. "Ara ọmọ náà ń gbóná, kò lè jókòó sórí ẹní. Ẹ jẹ́ kó wọlé kó fọ́ wọn kí wọ́n tó mí!" Ògúntọ́lá á tutọ́ sílẹ̀. "Ta ló ń fi àdá tó mú jù gé koríko ẹ̀bá ọ̀nà? Akẹ́yìn ni. Lọ́la, òun ni yóò di ọ̀gá pápá, bí àwọn ẹlẹ́mu bá jẹ́ kó mí." Àlàbá á fèsì pé lọ́la wo, pé iná ẹ̀ẹ̀rùn ni agbára ọmọkùnrin, pé kí wọ́n lò ó kó tó kú.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àwàdà. Àlàbá ò ta ẹmu fún agbolé Ògúntọ́lá mọ́. Ògúntọ́lá náà ní òun ò ní hun apẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń mu ẹmu Àlàbá, ìyẹn ni pé gbogbo ọkùnrin àdúgbò, àwọn obìnrin wá ń fi aṣọ di ẹ̀gẹ́ wálé. Níbi ìsìnkú arúgbó kan, àwọn méjèèjì di ara wọn lẹ́wù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Àwọn ìyàwó wọn ò kí ara wọn lódò. Ọmọ Àlàbá sọ fún mi pé bàbá òun ní ẹ̀gbọ́n mi ò ní èémí tó gùn, mo sì fọ́ ọ létí, ó dùn mọ́ mi títí dòní. Ṣùgbọ́n Àjàyí alára, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Èmi bi í lọ́jọ́ kan lóko. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin Oko-Àkàrè kan báyìí ni mo fẹ́ dúró sí," ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún náà ni àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ kòmándà, òyìnbó tó jẹ́ olórí agbègbè wa, pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin rẹ̀ tó le jáde, wọ́n fẹ́ kó wọn lọ ṣe sójà lókè òkun. Àwọn tí wọ́n ti kó lọ ṣáájú, a ò gbúròó wọn. Bí ọmọ bá sá wọgbó, ìyá rẹ̀ ni àwọn gáàdì, ọmọṣẹ́ kòmándà tó ń gbé ìbọn kiri, máa ń dè lọ. Nítorí ìyẹn ni Àjàyí kò ṣe sá. Ó ní, "Ìyá, wọn ò ní fi okùn kàn yín nítorí mi."

Ìyá wa bá fi ọgbọ́n sí i. Ó gún ewé, ó pò ó mọ́ irú tó ti bàjẹ́ àti omi ìgbín, ó fi lé ẹsẹ̀ Àjàyí láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó wá fi àkísà wé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, eṣinṣin ti bò ó, òórùn rẹ̀ sì ti dé ẹ̀yìnkùlé ará ilé kejì. Àjàyí ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa fi ọmọrogùn gbá a lórí: "Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà kì í rẹ́rìn-ín!" Gbogbo àdúgbò péjọ, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n fẹnu kan irin Ògún, wọ́n búra pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún òyìnbó tàbí ọmọṣẹ́ òyìnbó pé Àjàyí lè rìn. Àlàbá búra. Ògúntọ́lá búra, ó tiẹ̀ fi eyín di irin náà mú bí ẹni ń jẹ ẹran.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, òyìnbó jókòó sábẹ́ igi odán, gáàdì kan sì ń yẹ àwọn ọmọ wò níkọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n láyà, ó ń wo eyín wọn. Gáàdì yìí kì í ṣe ará wa, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, àmọ́ Yorùbá ló ń sọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Àjàyí, ó fọwọ́ dí imú, ó béèrè ohun tó ṣe é. Ìyá wa ní, "Ọ̀gá, láti ìgbà òjò lẹsẹ̀ yẹn ti ń jẹrà." Gáàdì tutọ́, ó kọjá. Mo rí èjìká ìyá mi tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí wọ́n mú ti tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ìyá wọn ń sunkún. Òyìnbó ti dé akẹtẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ dìde.

Inú Àlàbá dùn, kò sì lè pa á mọ́ra. Ó yíjú sí Ògúntọ́lá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí ọ̀pẹ, gbogbo oko ló ń gbọ́. Ó ní, "Ó ti bọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, òun ni yóò ṣáájú."

"Kí lo wí?"

"Mo ní òun ni yóò ṣáájú."

"Lójú èmi Ògúntọ́lá? Ẹni tó gbé òmìrán Oko-Àkàrè sókè bí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, òun lo fẹ́ lò dànù láàárọ̀?"

"Kó wá jókòó títí ìdí rẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ ẹní, àbí?"

Ẹnìkan ní kí wọ́n dákẹ́. Ìyá wa di apá Ògúntọ́lá mú, ó já a gbà. Wọ́n ti dìde, àyà kan àyà, itọ́ ń ta sí ara wọn lójú. Gáàdì yí padà, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó jọ ẹni tó fẹ́ràn ìjà. Ó ní, "Kí lẹ ń jà lé lórí?"

Áà, bí wọ́n bá dákẹ́ níbẹ̀, a ti yọ. Ìjà ilẹ̀ ni, ìjà obìnrin ni, irọ́ wo ni wọn ò lè pa? Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn pápá ni, àlejò sì rèé níwájú wọn, tí kò ní àdúgbò, tí kò ní ará. Ó ti mọ́ wọn lára. Àwọn méjèèjì kọjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. "Àlejò, ẹ bá wa dá a," ni Ògúntọ́lá wí. "Ẹ wo àyà rẹ̀, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò kan ilẹ̀ rí. Níbo ló yẹ kó dúró?" Àtòun àti Àlàbá sì na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Gáàdì rìn padà, ó fi ẹnu bàtà tú àkísà náà. Ewé já bọ́, irú já bọ́, ẹsẹ̀ tó jọ̀lọ̀ yọ síta. Ó ní, "Dìde." Àjàyí wo ìyá wa, ó sì dìde. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó nàró dáadáa, kò tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Gáàdì wò ó láti òkè délẹ̀, ó wá dá àwọn méjèèjì lóhùn: "Iwájú ni yóò dúró. Iwájú ogun." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tì í sáàárín àwọn tí wọ́n ti mú.

Mo rí Àlàbá. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ìyẹn kàn yín. Kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ létí tán, ó wo Ògúntọ́lá bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Mo kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, mo sì kórìíra rẹ̀ títí wọ́n fi sin ín, mi ò débi ìsìnkú náà. Ìyá wa ké, ó sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n fi ìdí ìbọn tì í ṣubú. Àjàyí yíjú wẹ̀yìn sí mi, ó ní, "Igi ìdáná kan wà ní ìdí ọ̀pẹ lóko. Kí o lọ rù ú wálé fún ìyá." Mi ò gbóhùn rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ ò ní gba ohun tó tẹ̀ lé e gbọ́. Àwọn méjèèjì láyà láti sọ pé àwọn ò da ìbúra, pé àwọn ò fi ẹnu àwọn sọ pé Àjàyí lè rìn. Àìfẹnumẹ́nu, àìfètèmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn ò gba nǹkan kan. Ilé wa ni ọ̀ràn náà gbà lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n tún péjọ sí pápá, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ògúntọ́lá ní ẹjọ́ gáàdì ò múlẹ̀, torí ogun ló sọ, kò sọ pápá. Àlàbá ní àlejò ti dá a, abẹ ti gé e. Lórí ẹni tí kò sí nílé!

Ìyá wa ń ṣe epo lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́. Obìnrin kì í wọ pápá, ó wọ̀ ọ́, tòun ti epo lápá. Ó lọ síbi tí aṣáájú máa ń dúró sí, ó wo ilẹ̀ ibẹ̀. Ó lọ síbi ẹní akẹ́yìn, ó wo ibẹ̀ náà. Ó wá yíjú sí wọn. Kò pariwo.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ mi jù mí lọ," ó ní, "ẹ sọ fún mi. Níbo ló dúró sí báyìí?"

Ògúntọ́lá la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni, ó la ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ló sáré wọ pápá, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, tó sì fi síbẹ̀. Ìyá wa jókòó sórí ẹní náà. Wọ́n ń dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó kí ẹnìkan pé ó dàbọ̀. A ò jìjàkadì ní àdúgbò wa mọ́.

Ọlọ wà níbẹ̀ báyìí, ti ẹ̀rọ, àwọn obìnrin ń lọ àgbàdo lórí pápá náà láìmọ̀ pé pápá ni. Faransé ti lọ. Ọyẹ́ ṣì ń dé, ilẹ̀ ṣì ń là, àwọn ọkùnrin ṣì ń jókòó nínú òjìji láti máa pín ayé ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá wa kú láìgbọ́ ìdáhùn. Bí wọ́n bá sin ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí, mi ò sì mọ ẹni tó dúró tì í.