Bí A Ṣe Gbé Sàráà Ìyá Alhaja Kọjá Odò Wúrì

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, nígbà tí mo gbé ọmọ mẹ́ta tó tutù rinrin jáde nínú dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní PK8. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má tíì ké sí ọlọ́pàá. Kọ̀ǹkéré ni wọ́n. Wọ́n rí róbótó, wọ́n ga díẹ̀ ju fíláàsì omi gbígbóná lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó ọmọ tó ti ń rìn. Nílé wa, kọ̀ǹkéré onígun mẹ́rin ni wọ́n ń gbé lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Faransé kò fẹ́ràn igun.

Bí ẹ bá ń bi ara yín léèrè ohun tí PK8 jẹ́, kìlómítà ni wọ́n fi ń pe àdúgbò ní Dúálà, bí àwọn ará Èkó ṣe ń sọ pé Máìlì Méjìlá. Ibẹ̀ ni mo dé sí nígbà tí mo kúrò ní Ìwó, iṣẹ́ bíríkìlà ni mo sì ń ṣe níbẹ̀. N kò ní ṣe ojú ayé fún yín: mo mọṣẹ́.

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ sọ yìí kò jìnnà. Láti PK8 sí Bonabéri ni, ní òdìkejì odò Wúrì, ìlú kan náà. Ṣùgbọ́n lásìkò tí wọ́n já iye séfà, owó tí à ń ná níbẹ̀, sí méjì, tí wọ́n gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí bọ́ọ̀sì ìlú sì di ohun tí à ń fẹnu sọ, ẹni tó bá lọ sí Bonabéri tó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ yáa kí i kú àbọ̀ Mẹ́kà. La kriz ni wọ́n ń pe ọ̀dá owó náà. Tí ọkùnrin bá pẹ́ wọlé, la kriz ni. Tí ọbẹ̀ kò bá dùn, la kriz náà ni.

Ohun tó gbé mi dìde nìyí. Àwa Yorùbá PK8 ń kọ́ mọ́ṣáláṣí onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òpó ti dúró, dẹ́kìn ló kù. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó yí òpó mi po, ó ní a kò gbọdọ̀ da dẹ́kìn lé e lórí títí a ó fi gba ìwé láti laboratuwáà ní Bonabéri, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò yanrìn, búlọ́ọ̀kù àti kọ̀ǹkéré. Kí n po kọ̀ǹkéré gẹ́lẹ́ bí mo ṣe po ti òpó, kí n gbé e lọ síbẹ̀. Bí kò bá yege, kí a wó òpó wa lulẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Bí a bá wó òpó nínú la kriz, ta ló tún fẹ́ dáwó? Mọ́ṣáláṣí parí nìyẹn, orúkọ èmi Mùfútáù náà sì parí.

Alhaja Rábì, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, ni ọ̀rọ̀ náà tún kàn. Ìyá rẹ̀, Àṣàkẹ́, kú ní Ìwó lásìkò tí owó ọkọ̀ kò sí, kò sì lè lọ síbi ìsìnkú. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ló bá ní òun á fi sìmẹ́ńtì ṣe sàráà fún ìyá òun, kí ẹ̀san rẹ̀ máa bá a nínú sàréè níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí náà. Apá rẹ̀ kò ká odindi àpò, bàsíà kan ló rù wá. Ọjọ́ náà gan-an ni a rí mọ́ọ̀dù yá ní laboratuwáà, bàsíà Alhaja sì wọ inú àwọn ọmọ mẹ́ta wọ̀nyí tán pátá. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé tí wọ́n bá ti yẹ̀ wọ́n wò tán, inú ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mìhírábù ni màá kó wọn sí, níbi tí lèmọ́mù máa ń dúró sí. Mo tiẹ̀ ti fi àyè wọn sílẹ̀. Jímọ̀ Jímọ̀ ni Alhaja ń wá ka Fátíà sétí dúrọ́ọ̀mù omi tí a rì wọ́n sí kí wọ́n lè le.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Àyẹ̀wò tí mo mọ̀ láti ilé ni pé kí n bu yanrìn sọ́wọ́, kí n fún un, bó bá dọ̀tí mọ́ mi lọ́wọ́, amọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù, kí n fi ìka kàn án, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo rò pé ti laboratuwáà á dà bíi ti dókítà tó ń ya àwòrán egungun: kí wọ́n wo inú rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé, kí wọ́n sì dá a padà fún onílé.

Sùlé ló wá gbé wa. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Dúálà ni, tó ń wa takisí aláwọ̀ ìyeyè. A bá a dá "depó", ìyẹn ni pé kò ní gbé ẹlòmíràn mọ́ wa, ó sì gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta séfà, owó tó lè jẹ́ kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn. Ó dúró ra epo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, epo tí wọ́n kó wá láti Nàìjíríà. Mo kí epo náà kú àjò. Nígbà tí a dé Logbaba láti gbé Alhaja, Sùlé yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Alhaja, ìwọ wọlé." Alhaja wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá kò sí ẹni tó bí ọmọ yìí ni.

Alhaja kó aṣọ mẹ́ta dání, ó di àwọn kọ̀ǹkéré náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ọrùn, ó gbé ọ̀kan lé itan níwájú, méjì wà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn. Ní Ndokoti a jẹun àárọ̀. Bẹ́nyẹ́ ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, pọ́fù-pọ́fù ni lójú wa, wọ́n á bu ẹ̀wà sí i, wọ́n á tún fi ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń pè ní bùyí lé e. Ọmọ Ìwó tó mọ àkàrà, kí ló fẹ́ fi ìyẹ̀fun dídín bá ẹ̀kọ ṣe? Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tún béèrè. Alhaja fi ọwọ́ kan jẹ tirẹ̀, kò gbé ọmọ sílẹ̀. Obìnrin tó ń dín in bá a yọ̀, ó sì fi pọ́fù-pọ́fù kan lé e fún ìyá ọlọ́mọ.

Ọlọ́pàá dá wa dúró kí a tó dé afárá. Ó gba "piẹ́sì", ìwé ìdánimọ̀, lọ́wọ́ gbogbo wa, ó wá béèrè ti ọmọ tó wà lórí itan Alhaja. Ó ní ooru mú, kí wọ́n ṣí aṣọ lójú ọmọ. Alhaja sọ fún Sùlé kó ṣàlàyé pé sàráà ìyá òun tó ti kú ni. Yorùbá Sùlé kò kún tó bẹ́ẹ̀. Ó yí sí ọlọ́pàá, ó fi Faransé sọ pé ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ wọ inú aṣọ, ó kan ohun tó tutù, tó le, tó sì ń sun omi. Ó rọra yọ ọwọ́. Ó ṣí fìlà. Ó kó ìwé wa lé wa lọ́wọ́ láìbéèrè owó ọtí, ohun tí n kò tíì rí rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà.

Afárá kan ṣoṣo ló wà lórí Wúrì nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò ló jọ ń lò ó. A há sórí rẹ̀ títí oòrùn fi mú. Alhaja kò wo ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó di ẹrù rẹ̀ mọ́yà, ó ń ṣe tẹ̀sùbáà.

Ẹnjiníà kan tó wọ kóòtù funfun ló gbà wá ní laboratuwáà. Onísùúrù ènìyàn ni. Ó wọn àwọn kọ̀ǹkéré náà, ó gbé wọn sórí ìwọ̀n, ó ní iṣẹ́ mi dán. Mo wo Alhaja bóyá ó gbọ́. Lẹ́yìn náà ló mú wa wọ yàrá kejì, síbi ẹ̀rọ kan: irin pẹrẹsẹ kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀, ojú aago ńlá kan tó ní abẹ́rẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ Alhaja ti mọ́ gàrí títẹ̀ láti kékeré. Kò sí bí wọ́n ṣe lè parọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ fún un.

"Mùfú," ó ní, "kí ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ nínú eléyìí?"

Ẹnjiníà fi Píjìn ṣàlàyé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí á fi fọ́. Iye tí abẹ́rẹ́ bá kà lásìkò tó fọ́ ni wọ́n á kọ sínú ìwé. "Mama," ó ní, "na for broke we di know say e strong." Ìyẹn ni pé fífọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó le.

Alhaja bẹ̀rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹkéré rẹ̀ nílẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n. Ó so ọ̀já dan-in.

"N kò sin ín," ó ní. "N kò rí ojú rẹ̀. Eléyìí nìkan ni mo rí ṣe fún un, ẹ sì fẹ́ fún un bí ẹ̀gẹ́."

Ẹ wò mí láàárín wọn. Bí kò bá fọ́, kò sí ìwé. Bí kò bá sí ìwé, òpó mi dilẹ̀. Bó bá sì fọ́, mo ti ba sàráà ìyá àgbà jẹ́. Mo ní, "Alhaja, ẹran iléyá ńkọ́? Ṣé a máa ń dá a padà sí agbo láàyè ni?"

"A máa ń jẹ ẹran iléyá, Mùfú. A kì í kó o dà sí ààtàn."

Mo bi ẹnjiníà ibi tí wọ́n ń kó èyí tó bá fọ́ sí. Ọkùnrin yìí kò sì lè parọ́, ó na ọwọ́ sí òkìtì kan lójú fèrèsé. Mo sáré búra pé ẹ̀rúnrún kan kò ní ṣẹ́kù sí Bonabéri, pé ilé ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, abẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó pẹ́ kí Alhaja tó tú ọ̀já. Ó wá ní ó di dandan kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí Kíbúlà. Mo ní, "Alhaja, róbótó ni. Ibi gbogbo ló kọjú sí." Ó rò ó, ó gbà.

Wọ́n ti àkọ́kọ́ wọlé. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó gòkè, kọ̀ǹkéré dún gbàmù, ó fọ́. Ẹnjiníà mi orí: kò tó. Ó ní kí n má tíì bẹ̀rù, pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òun á rò pọ̀, tí òun á sì pín. Èkejì fi díẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò lè san gbèsè ti àkọ́kọ́. Ó wá ku èyí tí Alhaja gbé lé itan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó ṣe Bísímílà, ó sì bọ́ sẹ́yìn.

Bí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá rẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni lákọ̀ọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ kọjá ibi tí àkọ́kọ́ ti fọ́, ohùn rẹ̀ gòkè. Ó kọjá ti èkejì, ó ń ki í lọ, àwọn akọ̀wé ti fi ọ́fíìsì wọn sílẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ń kérora. Ẹnjiníà tẹ ara síwájú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Àṣàkẹ́," ni Alhaja wí, "ẹ má tíì gbà fún wọn." Abẹ́rẹ́ tún gòkè. Nígbà tó fọ́ nígbẹ̀yìn, gbogbo yàrá ló mì.

Ẹnjiníà ṣírò, ó tún un ṣírò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. A ti yege. Mo yíjú sí Alhaja kí n sọ fún un, mo rí i tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín òkúta kọ̀ǹkéré tó fọ́, tó ń sunkún, ẹkún tí kò rí sun ní Ìwó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi etí ìborùn nu ojú, ó sì béèrè ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹnjiníà.

Ó gbá ilẹ̀ laboratuwáà náà mọ́ ju bí a ṣe bá a lọ. A di òkúta náà sínú aṣọ mẹ́ta. Sùlé ń ráhùn nítorí sípíríǹgì ọkọ̀ rẹ̀ títí a fi ra ẹja sísun àti miọndó fún un, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pọ́n sínú ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ó jọ fùfú tó fẹ́ di okùn. Alhaja jẹ mẹ́rin.

Ní PK8, lèmọ́mù gba ìwé, ó gbé e sókè, àwọn èèyàn sì ń dì mọ́ mi. Òkúta fífọ́ kò lè wọ ògiri mìhírábù mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́ṣáláṣí ń fẹ́ òkúta lábẹ́. Alhaja ló yan ẹnu ọ̀nà, níbi tí kò sí olùkírun tí kò ní tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Lèmọ́mù bi í bóyá kò ní dùn ún pé ẹsẹ̀ ni wọ́n á máa fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní nígbà tí ìyá náà wà láyé, orí rẹ̀ náà ni gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ dúró lé.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju pé kí n má fi ìka kan nǹkan kí n sọ pé mo mọ̀ ọ́n. N kò mọ kọ̀ǹkéré mi, n kò sì mọ Alhaja. Mo da àwọn òkúta náà sílẹ̀, mo mú igi ìgúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí òun má jí ẹni tó ń sùn. Alhaja dúró tì mí, ó wo ọwọ́ mi títí.

"Gún un dáadáa, Mùfú," ó ní. "Ó lè gbà á."